Ṣé ayé le fún ọ̀dọ́langba òde òní ju bó ṣe le fún àwọn òbí wọn lọ?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB, tó ń ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kéde pé nínú àbájáde ìdánwò UTME 1,955,069 tó wà lọ́wọ́ àwọn, ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọmọ tí kò gba tó 200 nínú 400. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gba ìgboro kan. Àwọn àgbà ní ọmọ ìwòyí ò kàwé mọ́, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ tọ̀sán tòru. Lábẹ́ àtùpà làwọn ti kàwé, àwọn sì yege. Àwọn ọ̀dọ́ náà ò dákẹ́: ìjọba ló bọ́ ẹ̀yin ní yunifásítì, iṣẹ́ ń dúró dè yín kí ẹ tó jáde, kí lẹ fẹ́ sọ fún wa nípa ìyà?

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni JAMB fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ òun. Ìyẹn ò pa àríyànjiyàn náà, ńṣe ló tún rú u sókè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, àti ìdí tí ìran kọ̀ọ̀kan fi gbà pé tòun ló le jù.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́dún 2025?

Àwọn ọmọ Èkó àti ti ìpínlẹ̀ márùn-ún tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn ló kọ́kọ́ figbe ta pé máàkì táwọn rí ò jọ ohun táwọn kọ. JAMB yẹ iṣẹ́ wò. Lọ́dún náà, wọ́n ti yí ètò ìdánwò padà: wọ́n ń da ìbéèrè àti àwọn ìdáhùn àṣàyàn rú, kí ẹni méjì tó jókòó síra má baà rí ohun kan náà, wọ́n sì yí bí ẹ̀rọ ṣe ń yẹ ìdáhùn wò padà. Àtúnṣe orí kọ̀ǹpútà tó yẹ kó bá ìyípadà yìí rìn dé orí àwọn sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba iṣẹ́ àwọn ọmọ) tí wọ́n ń pè ní KAD, kò dé orí àwọn tí wọ́n ń pè ní LAG, tó ń gba iṣẹ́ Èkó àti gúúsù ìlà-oòrùn. Ẹ̀rọ ò sì lè ṣe máàkì ìdáhùn àwọn ọmọ náà bó ṣe yẹ.

Sẹ́ńtà 157 ló kàn: 65 ní Èkó, 92 ní ẹkùn Òwèrrì, tó kó ìpínlẹ̀ gúúsù ìlà-oòrùn náà pọ̀. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Ní 14 oṣù Karùn-ún, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tọrọ àforíjì níwájú àwọn oníròyìn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ WAEC, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣejáde girama, náà fi dé. Lálẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún kan náà, iná tọ́ọ̀ṣì làwọn ọmọ fi kọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, nítorí pé ìwé ìbéèrè pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. WAEC ní òun ń dènà kí ìbéèrè má jò síta. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, àjọ náà kéde pé ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2024, ìdá 72.12 ni. Ìgbe ta lẹ́ẹ̀kan sí i. WAEC ti ojú ìkànnì àbájáde pa, ó tún iṣẹ́ yẹ̀ wò, ó sì rí i pé kóòdù tí wọ́n fi ṣe máàkì ìbéèrè àṣàyàn Gẹ̀ẹ́sì ò bá oríṣi ìwé ìbéèrè tí àwọn ọmọ náà kọ mu. Ìdá 38.32 di 62.96. Àwọn ọmọ tó wà láàárín iye méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù. Fún ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi rò pé àwọn ti fìdí rẹmi.

Ó yẹ ká fi ohun kan kún un, nítorí pé àwọn méjèèjì tó ń jiyàn máa ń fò ó. Àṣìṣe JAMB ò kan àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, máàkì tiwọn náà ò sì ga. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún 2025 ni èyí bẹ̀rẹ̀: lọ́dún 2024, 1,402,490 nínú ọmọ 1,842,464 ni kò gba tó 200, ìyẹn nǹkan bí ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Yàtọ̀ sí èyí, 200 kọ́ ni ààlà àyege. UTME wà láti to àwọn ọmọ tẹ̀lé ara wọn ni. 150 ni máàkì tó kéré jù fún yunifásítì lọ́dún 2025. Ẹni tó bá fi UTME sọ pé ìran kan ya òpè ń bi ìdánwò náà ní ìbéèrè tí wọn ò ṣe é fún.

Nígbà tí àgbà bá ní “láyé àtijọ́”, ayé wo ló ń sọ?

Ibí ni àríyànjiyàn yìí ti ń dàrú jù. Wọ́n ń kó ọgọ́rin ọdún pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́langba tó wà nínú rẹ̀ ò jọ ara wọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìwọ̀fà ṣì wà, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun tì láàárín ọdún 1920 sí 1940. Bàbá tó bá fẹ́ yá owó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Kò sí iye ọdún tó lè sìn tí yóò dín ojú owó kù. Ìgbà tí wọ́n bá san owó pé ni ọmọ tó ń bọ̀ nílé.

Lẹ́yìn ìyẹn la rí àwọn tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ìwé kẹfà ló dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ girama ò pọ̀, owó sì ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí òkè, ìgboro ti kún fún àwọn tó jáde ìwé kẹfà tàbí mọ́dàn (ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé ìwé kẹfà), tí wọn ò ríṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìjọba ẹkùn náà fi dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1959. Ẹ̀dùn ọkàn “mo kàwé, iṣẹ́ ò sí” ti wà nílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń dun ọ̀dọ́ òní jù ni àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́langba láàárín ọdún 1973 sí 1981, nígbà tí owó epo rọ̀bì wọlé wìtìwìtì. Ní 1978, nígbà tí ìjọba ológun sọ owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì di náírà méjì lójúmọ́ dípò náírà kan ààbọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde káàkiri orílẹ̀-èdè. “Ali Must Go” (Ali gbọ́dọ̀ lọ) ni wọ́n pe rògbòdìyàn náà, nítorí Ahmadu Ali tó jẹ́ kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Wọ́n yìnbọn pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, nínú rẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1979, àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ti Awólọ́wọ̀ ń ṣèjọba sọ ilé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Èkó fi òpin sí kí ọmọ kan lọ láàárọ̀ kí òmíràn lọ lọ́sàn-án, nítorí pé Gómìnà Látẹ́ẹ̀fù Jákáńdè kọ́ yàrá ìkàwé tó pọ̀, àwọn alátakò sì ń pè wọ́n ní ilé adìyẹ. Àsìkò kúkúrú ni. Kò tó ọdún mẹ́wàá kí owó epo tó já wálẹ̀, kí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, tó dé. Ìran tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́langba ọdún 1986 sí 1999, bá náírà tó ń wó pàdé, àti ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì, àti rògbòdìyàn ìbò June 12 ọdún 1993 tí wọ́n fagi lé, àti ìlà epo.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó ní “àwọn òbí wa jayé” ń tọ́ka sí ọdún bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rin. Àgbà tó ní “ìyà jẹ wá jù yín lọ” lè máa sọ òtítọ́ pọ́nńbélé, bó bá jẹ́ ọ̀dọ́langba ní ọdún 1950 tàbí 1993. Ọdún tí ẹnìkan pé mẹ́rìndínlógún ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè.

Kí ni ojú ọ̀dọ́langba rí nígbà náà tí ojú tòní ò rí mọ́?

Àìsàn ni ìdáhùn tó ṣe tààrà jù, ó sì tó ohun tó yẹ ká dúró lé díẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ òní ò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo sòbìyà. Ọmọ á mu omi adágún tí àwọn kòkòrò wínníwínní tó gbé aràn náà wà nínú rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún kan, kò ní mọ ohunkóhun lára. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á máa ta á bí ìgbà tí iná jó èèyàn, aràn á sì yọrí. Aràn náà lè gùn tó mítà kan, kò sì ṣeé fà yọ lẹ́ẹ̀kan: igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wé e mọ́, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá já mọ́ inú ẹran ara, ojú ibẹ̀ á kún fún ọyún, ọmọ náà ò sì ní lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi wọ́n, ló ń jà jù nílẹ̀ Yorùbá, ilé ẹ̀kọ́ sì wà ní ṣíṣí. Agbègbè Ìbàràpá mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 1987 sí 1988, ó lé ní 650,000 èèyàn tó ní in. Kànga ẹ̀rọ, aṣọ asẹ́mi àti oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún ló lé e lọ. Ọdún 2008 ni wọ́n rí i lára ẹnìkan kẹ́yìn, àjọ ìlera àgbáyé sì fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí ní 2013.

Ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà láti 1970. Oríṣi àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti àdámọ́ (wild polio) gba ìwé ìdágbére ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bá bí, 201 ló ń kú kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2003. Nínú ti 2023 sí 2024, 110 ni. Ó ṣì pọ̀ jù, kò sì sí ẹni tó yẹ kó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà tó ìyàtọ̀. Nígbà kan rí, ìdílé tó ti sìnkú ọmọ méjì mẹ́ta wọ́pọ̀ débi pé Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́ wà ní gbogbo àdúgbò.

Èyí náà ló mú kí ìtàn àtijọ́ máa dùn létí ju bó ṣe rí lọ. Àwọn tó kú ò sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn. Ọmọbìnrin tí wọ́n mú kúrò nílé ẹ̀kọ́ ní ìwé kẹta kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lè tẹ̀ síwájú kọ́ ni wọ́n ń pè wá sórí rédíò láti sọ bí àtùpà ṣe sọ òun di èèyàn.

Kí ló wá dé tí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ fi nira báyìí?

Ilé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948. Lónìí, yunifásítì tó wà ní Nàìjíríà ju 250 lọ. Ohun tó yí padà ni pé gbogbo ọmọ ló ń du ojú ọ̀nà kan náà, tí ọ̀nà náà sì ní ẹnu ibodè púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ti ọmọ padà láìjẹ́ pé kò mọ̀wé.

NIN ni àkọ́kọ́. Láti orí nọ́ńbà fóònù kan, ọmọ á fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ náà ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́wàá á sì padà wá. Kóòdù yìí ló máa fi ra PIN ìforúkọsílẹ̀, èyí tó jẹ́ 7,200 náírà lọ́dún 2025, tàbí 8,700 fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìdánrawò mọ́ ọn. Á lọ sí sẹ́ńtà CBT (ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) láti tẹ̀ka. Lọ́jọ́ ìdánwò, ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì ni: ọgọ́ta fún Gẹ̀ẹ́sì, ogójì ogójì fún mẹ́ta yòókù. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àyọkà tó gùn náà wà nínú rẹ̀, ọmọ tí kò bá sì ti lo kọ̀ǹpútà rí á máa wá bọ́tìnnì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn UTME, WAEC tàbí NECO wà níbẹ̀, ìdánwò àyẹ̀wò yunifásítì fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ojú ìkànnì CAPS sì ni wọ́n ti ń fúnni láyè.

Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ rọrùn láti tò. Orúkọ inú NIN ò bá ti ìwé ìbí mu. Ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí JAMB tó rí àtúnṣe náà, owó àti ọjọ́ sì ń lọ. Ọmọ fi nọ́ńbà ẹlòmíràn forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà náà sọnù, ìsọfúnni ò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọmọ gba máàkì tó ga, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ gbé àbájáde WAEC rẹ̀ sórí CAPS. Yunifásítì ò sì rí nǹkan kan láti fi gbà á. Òmíràn rí àyè gbà, kò tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀ láti gbà á.

Òfin náà sì ń yí nígbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Ní àárín ọdún 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Tahir Mamman, ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 ò gbọdọ̀ wọ yunifásítì. Kí ọdún náà tó parí, Tunji Alausa tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ dá a padà sí 16. Àwọn tó fara mọ́ 18 ní ọmọ kékeré ò tíì gbọ́n tó láti dá gbé nílé ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn tó tako ó ní ọmọ tó parí girama ní 16 á jókòó sílé fún ọdún méjì, àkókò náà sì léwu ju yàrá ìkàwé lọ.

Bí ó bá wọlé tán, ìyanṣẹ́lódì lè dúró dè é: oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún 2020, oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022. Ti àwọn òbí wọn náà wà, pàápàá láàárín ọdún 1990 sí 1999.

Owó ńkọ́?

Níbi owó, ọ̀dọ́ òní ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bí a bá fi wé ìgbà epo. Lọ́dún 1981, 125 náírà lóṣù ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, dọ́là kan ò sì tó náírà kan. Owó oṣù náà ju 200 dọ́là lọ díẹ̀. Láti oṣù Keje ọdún 2024, 70,000 náírà ni, kò sì ju nǹkan bí 45 dọ́là lọ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo tí kò tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọjá 1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Owó ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e. Oúnjẹ náà tẹ̀ lé e: ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, iye owó oúnjẹ ti fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba ṣe kéde.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ náà ń jẹ nínú rẹ̀. Owó ìwọṣẹ́, irinṣẹ́ àti owó fírídọ́ọ̀mù ti gòkè, ọ̀gá tí kò rí iṣẹ́ ṣe ò sì lè bọ́ ọmọọ̀ṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọn kì í sábà dárúkọ àwọn wọ̀nyí nínú àríyànjiyàn yìí, nítorí pé àwọn tó kàwé ló ń jà á.

Ṣé fóònù ló fà á ni?

Níbí ni àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti pín. Àwọn kan ní láti nǹkan bí ọdún 2012 tí fóònù ìgbàlódé ti dé ọwọ́ ọmọ, ìbànújẹ́ ti pọ̀ sí i lára wọn. Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń mú wá ni ti Amẹ́ríkà: ní 2011, ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama ló sọ fún CDC, àjọ ìlera ìjọba ibẹ̀, pé ìbànújẹ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ wà lára àwọn, ní 2021, ó di 57. Australia tiẹ̀ ti ṣe é lófin pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ò gbọdọ̀ ní àkáǹtì lórí àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ńláńlá. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025.

Àwọn kejì ní kí wọ́n rọra. Ohun méjì tó jọ ń gòkè kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ló fa èkejì, ìwádìí tó tẹ̀ lé ọmọ kan náà fún ìgbà pípẹ́ sì máa ń rí ipa tó kéré. Ọdún 2021 yẹn fúnra rẹ̀ bọ́ sí àkókò Kòrónà. Fún Nàìjíríà, ìṣirò Amẹ́ríkà ò lè dúró fún ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń yá fóònù ìyá rẹ̀ lò fún ìdajì wákàtí lálẹ́, tí kò sì sí iná láti fi gbà á lágbára. Fóònù kan náà ló fi ń wo ẹ̀kọ́ Ìṣirò tí olùkọ́ rẹ̀ ò wá kọ́ ọ.

Ohun kan tó yí padà dájú ni ẹni tí ọmọ ń fi ara rẹ̀ wé. Ọ̀dọ́langba ọdún 1975 ń fi ara rẹ̀ wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò. Tòní ń fi ara rẹ̀ wé ọmọ Lẹ́kí, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn tó ń lu jìbìtì orí ayélujára sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi owó han án. Kò sí ẹni tó ti rí òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn ìyẹn pẹ̀lú sòbìyà.

Kí ló wà nílẹ̀ báyìí?

Ohun tí àríyànjiyàn yìí lè bàjẹ́ ni ètò ìjọba. Bí àwọn tó ń ṣòfin bá gbà pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ, ìyà ni wọ́n á máa fi kún ìdánwò; bí wọ́n bá gbà pé ètò ló ń wó, sáfà, olùkọ́ àti iná mànàmáná ni wọ́n á fowó sí. Èyí kan àwọn ọmọ girama ní kíákíá, nítorí ìjọba àpapọ̀ kéde pé láti ọdún 2026 ni WAEC náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko ò ní yàrá kọ̀ǹpútà kankan.

Fún owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ti wà láti 2024. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà, 20,000 náírà lóṣù sì ń lọ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè owó ìgbọ́bùkátà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrúùlú NYSC ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n á sì máa yọ bó bá ti ríṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba nìkan ló kàn.

Ìdílé tó ní ọmọ ní SS2 lónìí lè gbé ìwé ìbí ọmọ náà àti NIN rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí wọn ò bá bára mu, ọ̀dọ̀ NIMC ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ, kí JAMB tó ṣí ìforúkọsílẹ̀. Kí wọ́n sì lo nọ́ńbà fóònù tó máa wà lọ́wọ́ ọmọ náà títí di ọjọ́ tí CAPS bá fún un láyè.